Bẹ̀rẹ̀ Láti Mọ́ńdè

Pépà Mọ́ńdè máa ń dé Ọ̀kà ní Sátidé. Kò sí ẹni tó rí i bí ohun àbùkù. Ará Ìbàdàn lè sọ pé ìròyìn ọlọ́jọ́ márùn-ún ti kan bí ọbẹ̀ tí a kò gbé kaná, ṣùgbọ́n ní ilé Bàbá àgbà, lẹ́sẹ̀ àpáta ní Ìwarọ̀-Ọ̀kà, ọjọ́ tí pépà bá wọlé ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Bọ̀dá Tíṣà, àbúrò bàbá mi tó ń kọ́ni ní Ìkàrẹ́, ló ń gbé e wá. Bí agogo méjì ọ̀sán bá ti kọjá, a ó gbọ́ alùpùpù Honda rẹ̀ tó ń ké bọ̀ láti ọ̀nà Akùngbá, àwa ọmọdé á sì tú jáde. Ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ kì í yí padà: búrẹ́dì kan fún Ìyá àgbà, àti pépà mẹ́fà tó ká pọ̀, tó fi rọ́bà dè mọ́ ìjókòó. Bí òjò bá ń rọ̀, pépà ló máa ń wọ ẹ̀wù òjò. Òun fúnra rẹ̀ á tutù rìnrìn.

Bàbá àgbà kì í wo búrẹ́dì. Pépà ni yóò nawọ́ gbà, yóò gbé e lé itan, yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí ibi tó ká yóò fi nà. Kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà dáadáa, nítorí ó ti ta kòkó fún àwọn tó ń fi ìwọ̀n rẹ́ ni jẹ, ó sì ti pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní ka nọ́ńbà fún òun mọ́. Nọ́ńbà ọjọ́ tó wà lókè pépà ni yóò fi tò wọ́n: èyí tó kéré jù lókè, èyí tó pọ̀ jù nísàlẹ̀. Tó bá tò ó tán, yóò pè mí, yóò na ẹyọ kan sí mi.

“Bẹ̀rẹ̀ láti Mọ́ńdè.”

Òfin ni. Pépà Sátidé nìkan ló tutù nínú gbogbo wọn, òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni Bọ̀dá Tíṣà rà á, yíǹkì rẹ̀ ṣì ń yí ènìyàn lọ́wọ́, àmọ́ òun la máa ń kà gbẹ̀yìn. Bí ọkàn ẹnikẹ́ni bá ń sáré, kó lọ gbọ́ rédíò. Rédíò wà nílé, Bàbá àgbà sì ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n lójú rẹ̀, ohun tí rédíò sọ dà bí ohun tí ẹni tó ń kọjá lọ kígbe láti inú ọkọ̀. Pépà ló jókòó. Ẹ lè bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì, kò ní yí ọ̀rọ̀ padà.

(Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ Bàbá sílẹ̀ yìí, Yorùbá inú pépà ni mo fi ń kọ ọ́. Ẹnu Ọ̀kà ló fi sọ ọ́, ẹnu Ọ̀kà kò sì bá lẹ́tà wọ̀nyí mu dáadáa. Màá padà síbẹ̀.)

Ibi tí pépà ti ń wá ni Jùbílì, oríta tó wà láàárín ìgboro Ìkàrẹ́. Mo ti ń gbọ́ Jùbílì lẹ́nu Bọ̀dá Tíṣà tipẹ́ kí n tó fojú kàn án, mo sì rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀, fẹ́ńdọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá, tó tẹ́ pátákó sílẹ̀ lábẹ́ agbòjò, tó fi òkúta kéékèèké tẹ orí pépà kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Daily Times ti Èkó wà níbẹ̀. Daily Sketch wà níbẹ̀, èyí tí ìjọba ìwọ̀ oòrùn dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964. Nigerian Tribune wà níbẹ̀, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń gbé jáde láti oṣù kọkànlá 1949, òun sì ló máa ń kọ́kọ́ tán. Òru ni ọkọ̀ pépà máa ń kúrò ní Ìbàdàn. Yóò já pépà sílẹ̀ ní Ifẹ̀, yóò já a sílẹ̀ ní Iléṣà, ní Àkúrẹ́, ní Ọ̀wọ̀, kó tó wá máa pọ́nkè wá sọ́dọ̀ wa gba Ọ̀bà àti Akùngbá. Àwa la gbẹ̀yìn. Bí táyà bá jò lọ́nà, àwa ló jò fún.

Àwọn kan wà ní Jùbílì tí n kò rí wọn kí wọ́n ra pépà rí, bẹ́ẹ̀ òròòwúrọ̀ ni wọ́n wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ akàwé-ọ̀fẹ́ ni Bọ̀dá Tíṣà ń pè wọ́n. Wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á ka àkọlé iwájú láti Times dé Tribune, lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tó wà nínú, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì ṣí wò. Fẹ́ńdọ̀ kì í lé wọn. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé àwọn ló ń jẹ́ kí ọjà òun tà, torí ẹni tí wọ́n bá fi àríyànjiyàn bí nínú ló máa ń fi ìbínú ra pépà láti fi já wọn nírọ́. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ lójú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kí ló dé tó jẹ́ Bọ̀dá Tíṣà ló mọ̀wé, tí bàbá mi tó ṣáájú rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n? Owó ni. Nígbà tó kan bàbá mi láti lọ, owó ilé ìwé kò sí, oko ló gbà. Nígbà tó kan àbúrò rẹ̀, 1955 ni, ọdún tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn, wọ́n sì kàn ní kó máa bọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì kan etí òsì dáadáa, ó tẹ orí ni wọ́n fi gbà á. Nítorí náà, bí pépà Awólọ́wọ̀ bá wọlé wa ní Sátidé, Bàbá àgbà kò rí i bí ohun tí a rà lọ́jà. Bí ẹni pé ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ ran ọmọ rẹ̀ nílé ìwé, ó wá ń kọ lẹ́tà sí òun báyìí láti wádìí bóyá ọmọ náà ń kà á.

Èmi ni mo ń kà á nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bọ̀dá Tíṣà ló sọ pé kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, ó ní ẹ̀kọ́ ni. Iṣẹ́ ni. Òyìnbó ni Tribune, Ọ̀kà sì ni etí Bàbá. Àárín méjèèjì ni mo jókòó sí lórí àpótí, tí mò ń ka ìlà kan, tí mò ń túmọ̀ rẹ̀, tí òógùn ń bọ́ lójú mi. Ohun tí n kò bá mọ̀, mo máa ń dá a. Lọ́jọ́ kan, mo kà á pé gómìnà kan ti tú kábínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ká. Kábínẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni èyí tí Bọ̀dá Tíṣà kó àwo àti ife sí ní Ìkàrẹ́. Mo sọ fún Bàbá pé gómìnà ti fọ́ kábínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wẹ́wẹ́. Bàbá ronú sí i. Ó bi mí léèrè bóyá ìyàwó ni wọ́n jọ ń jà. Mo ní pépà kò sọ. Ó ní kí n wò ó wò ní Túsìdé, wọ́n á ti parí rẹ̀ nígbà yẹn.

Bí míńísítà bá sì wọ inú ọ̀rọ̀, a ó kọ́kọ́ wádìí ìjọ tó ń bójú tó.

N kò rẹ́ni dá mi lẹ́kun, torí ẹni tó lè já mi nírọ́ ti gun alùpùpù rẹ̀ padà sí Ìkàrẹ́. Agbára ńlá ni wọ́n gbé lé ọmọdé lọ́wọ́. Àwọn àgbàlagbà mẹ́ta mẹ́rin máa ń wá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n á gbé aṣọ bora, wọ́n á máa fi obì wẹ́nu, wọ́n á sì máa wo ẹnu mi. Kò sí ibòmíràn lágbàáyé tí wọ́n ti ń wo ẹnu mi bẹ́ẹ̀.

Gbohùngbohùn ló gba agbára náà lọ́wọ́ mi. Pépà Yorùbá ni, ilé iṣẹ́ Sketch ló ń tẹ̀ ẹ́ láti 1970, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń jáde. Bọ̀dá Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún ìdì nígbà míì, inú Bàbá sì dùn dé ìdí. Tèmi bàjẹ́. Bí mo bá ń ka Yorùbá, Bàbá ń gbọ́ ọ kí n tó túmọ̀. Bí mo bá fo ìlà, ó mọ̀. Ó wá dà bí ẹni pé ọ̀gá mi wọ kíláàsì jókòó sẹ́yìn.

Ìṣòro mìíràn tún wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tẹ̀ ní Yorùbá láyé ìgbà yẹn kì í ní àmì ohùn, òmíràn kì í tilẹ̀ ní ẹsẹ̀ lábẹ́ lẹ́tà, pàápàá nínú àkọlé gàgàrà. Mi ò ní dárúkọ pépà tí mo ka èyí nínú rẹ̀. Àkọlé náà ni OKO JA SODO. Mo gbé e lóhùn ọkọ obìnrin, mo sì fi gbogbo ẹ̀mí mi kà á: ọkọ já sódò. Ìyá àgbà tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà gbé orí sókè: “Ọkọ ta ni?” Ọ̀rẹ́ Bàbá kan ní ọkọ kì í ṣàdédé já sódò, kí wọ́n bi ìyàwó ibi tó wà. Ẹlòmíràn ní ó lè jẹ́ ọkọ́ ni, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, pé irú ìròyìn wo nìyẹn? A wà lórí rẹ̀ títí mo fi ka ìlà kẹta, tí mo bá awakọ̀ àti èrò mọ́kànlá níbẹ̀. Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wa. Bàbá ṣí fìlà.

Mo sọ pé màá padà sórí ọ̀rọ̀ ẹnu Ọ̀kà. Ẹni tí kò bá gbé Àkókó rí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ èdè ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Láàárín ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí alùpùpù, èdè lè yí padà pátápátá. Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ ṣì lè gbọ́ra, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n lọ sí Ìsùà, lọ sí Ẹ̀pìnmì, lọ sí Àkùnnù tàbí Àúgà, wàá bá àwọn tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń sọ nílé kì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá tó o lè fi ọgbọ́n tọ́ka mú. Àwọn onímọ̀ èdè ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá gbà á sílẹ̀. Ọjà ni gbogbo wa ti ń pàdé, Yorùbá gbogboogbò la sì fi ń pàdé, èyí tí a rí nínú Bíbélì, nílé ìwé, lórí rédíò àti nínú pépà. Inú pépà ni mo ti rí agbófinró. Inú rẹ̀ ni mo ti rí ìgbìmọ̀, adájọ́ àgbà, ìjàm̀bá ọkọ̀, ọwọ́ pálábá. Nígbà tí mo fi wọ́n sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi, wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ bíi pépà. Wọ́n fẹ́ fi bú mi. Mo sùn sórí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.

Nígbà tí mo dàgbà tí mo kà nípa Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta ní 1859, ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni pé ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ń jáde. Ènìyàn á kà á, yóò wá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Townsend sọ pé òun fẹ́ kó mọ́ àwọn ènìyàn lára láti máa fi ìwé kíkà wá ìmọ̀. Wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867, ìwé ìròyìn náà sì parí. Ní 1929, I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ sínú Akéde Èkó díẹ̀díẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí lẹ́tà tí obìnrin kan ń kọ ránṣẹ́, àwọn kan ní Èkó sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè, pé ó ń ṣàìsàn lóòótọ́. Mo mọ àwọn ènìyàn yẹn. Ọ̀ọ̀dẹ̀ Bàbá àgbà ni mo ti mọ̀ wọ́n.

Ojú ìwé tí Bàbá fẹ́ràn jù kì í ṣe ti òṣèlú o. Ti òkú ni. Ní ẹ̀yìn Tribune, àwọn fọ́tò olóògbé máa ń tò bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà, bàbá onífìlà, ìyá onígèlè, nọ́ńbà ọdún tí wọ́n lò lábẹ́ wọn. Ibẹ̀ ló ti ń ka nǹkan fúnra rẹ̀. Yóò fi ìka tọ nọ́ńbà: “Ọgọ́rin ó lé méjì. Èyí jayé. Mẹ́rìnléláàádọ́ta. Háà, ọmọdé.” Yóò wá bi mí léèrè ìlú wọn. Àkókó kì í sábà sí nínú pépà, àfi tí ọba bá wàjà, tàbí tí ọkọ̀ bá yí lórí òkè, nítorí náà ọjọ́ tí mo bá rí orúkọ ìlú wa lábẹ́ òkú kan, mo máa ń kígbe bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ìyá àgbà ní kí n máa bẹ̀rù Ọlọ́run.

Ìyá àgbà ní ẹjọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú pépà. Àkàrà ló ń dín tà. Ewé dára fún àkàrà, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ewé ṣọ̀wọ́n, pépà sì wà nínú iyàrá bí òkìtì. Bàbá kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án àfi èyí tó bá ti kà tán, tó sì ti tún gbọ́ apá tó fẹ́ gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní bó ṣe máa ń yọ̀ǹda rẹ̀. Yóò gbé e sókè, yóò wo iwájú, yóò wo ẹ̀yìn, yóò nà á sí ìyàwó rẹ̀: “Èyí ti kú.” Ìyá àgbà á gbà á, á fà á ya sí mẹ́rin. Mo ti rí ẹ̀dá tó ń yán hànhàn fún ikú pépà.

Àmọ́ kò kú náà. Mo fẹ́ràn láti máa wo ohun tí òróró ń ṣe sí ojú ìwé. Ibi tí àkàrà gbígbóná bá jókòó sí á kọ́kọ́ dúdú, lẹ́yìn náà á mọ́ bí gíláàsì, lẹ́tà ẹ̀yìn á sì yọ sí iwájú, tó dojú kọ òdì kejì, tí orí gómìnà á wà láàárín ìkéde ẹni tó ń wá bátìrì rà. Nígbà míì, tí o bá ṣí àkàrà kúrò, ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. A máa ń kà á ká tó jẹ ẹ́. Pépà tún ni a fi ń bo ìwé tí ìjọba fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ìwé. Pépà ni a fi láfún lẹ̀ mọ́ ògiri iyàrá àwọn ọmọkùnrin kí erùpẹ̀ má bàa máa dà sára wa lójú oorun. Àbúrò mi tó lẹ̀ ẹ́ kò tíì mọ̀wé, ó lẹ ìdajì rẹ̀ ní ìdorí kodò. Lórí ẹní mi, nínú ìmọ́lẹ̀ àtùpà, mo kọ́ bí a ṣe ń kàwé tó dorí kodò. Mo ṣì lè ṣe é. Ó wúlò tí ènìyàn bá jókòó ní iwájú tábìlì ọ̀gá kan tó ń ka fáìlì rẹ.

Ọdún 1983 ni òfin Mọ́ńdè kọ́kọ́ rí ìdánwò. Ìbò gómìnà wáyé ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ, wọ́n sì kéde pé Akin Ọmọ́bóríowó ló borí Olóyè Adékúnlé Ajásin, ẹni tó ti ṣe igbákejì fún rí kó tó bọ́ sí ẹgbẹ́ òṣèlú NPN. Ìpínlẹ̀ Oǹdó gbiná. Ọ̀nà dí, Bọ̀dá Tíṣà kò wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi rí ọ̀nà wá, pépà ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ló gbé dání. Ọ̀ọ̀dẹ̀ kún dẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti gbọ́ tibí gbọ́ tọ̀hún bẹ Bàbá pé kó jẹ́ kí n ka èyí tó kẹ́yìn. Bàbá na Mọ́ńdè àkọ́kọ́ sí mi, èyí tó ṣáájú ìbò, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń fi ẹnu bura pé àwọn yóò wọlé.

Wọ́n hó. Kò dá wọn lóhùn. Alẹ́ mẹ́ta ni a fi kà á, àwọn kan bínú lọ, wọ́n sì padà wá. Mo kà á dé ibi tí wọ́n ti pa Ọláìyá Fágbàmígbé ní Àkúrẹ́. Orúkọ yẹn kì í ṣe àjèjì sí mi: atẹ̀wétà ni, orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé tó wà nínú kábínẹ́ẹ̀tì Bọ̀dá Tíṣà, ìwé àwọn ọ̀rọ̀ tí Awólọ́wọ̀ sọ, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1981. Mo ti rò pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lára ìwé kì í kú. Ilé ẹjọ́ dá ipò padà fún Ajásin. Nígbà tí a ka ìyẹn, àwọn ènìyàn jó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ bí ẹni pé wọn kò tíì gbọ́ ọ lórí rédíò rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bọ́ sí Ìkàrẹ́ fún ilé ìwé girama, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ Bọ̀dá Tíṣà. Èmi ni mò ń lọ ra pépà ní Jùbílì láràárọ̀. Ní Sátidé, èmi ni mò ń jókòó sẹ́yìn alùpùpù, ìdì pépà wà láàárín èmi àti rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wá dé tí n kò sọ fún Bàbá: mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo ti mọ ohun tó wà ní Tọ́sìdé nígbà tí mo bá ń ka Mọ́ńdè fún un. Mo wá ń kà á bí ẹni tí kò mọ̀, mo ń fi ohùn dúró níbi tó yẹ kó yà mí lẹ́nu. N kò rò pé irọ́ ni. Ẹni tó bá sì máa kà fún ènìyàn gbọ́dọ̀ bá a dúró síbi tó dúró sí.

Ní oṣù kẹwàá 1986, ìròyìn dé pé ìwé pa Dele Giwa, olóòtú àgbà Newswatch. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀kà: ìwé ló pa á. Ọjọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ kọkàndínlógún, ni wọ́n gbé ìdì kan wá fún un nílé rẹ̀ ní Ìkẹjà, tó ṣí i, tó sì bú gbàmù. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo nawọ́ láti tú rọ́bà pépà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Bàbá gbá ọwọ́ mi kúrò. Ó gbé ìdì náà, ó gbé e lọ sí àgbàlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé òun. A ń wò ó láti ojú fèrèsé: ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó kúnlẹ̀ ní eékún kan, tó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń fi ìka méjì tú rọ́bà. Tribune mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ó kó wọn wọlé, ó tò wọ́n, ó na Mọ́ńdè sí mi. Kò jẹ́ kí n tú ìdì fúnra mi títí ọdún yẹn fi parí. Bọ̀dá Tíṣà, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ìdì náà ní Jùbílì, kò rẹ́rìn-ín.

Kí n yára sọ ìyókù. Sketch kò sí mọ́, Gbohùngbohùn sì bá a lọ. Aláròyé tí Àlàó Adédayọ̀ ti gbìyànjú rẹ̀ ní 1985 tí kò dúró, ó padà wá ní 1996, ó sì dúró. Mo máa ń rà á méjì nígbà yẹn, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún Bọ̀dá Tíṣà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kí ọmọ rẹ̀ lè máa kà á fún un. Àkúrẹ́ ti ní The Hope tirẹ̀, tí Owena Press ń tẹ̀, a sì ń rí orúkọ ìlú wa níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kú. Nígbà tí mo kọjá ní Jùbílì kẹ́yìn, pépà tó wà lórí pátákó kò ju ìwọ̀nba lọ. Ẹgbẹ́ akàwé-ọ̀fẹ́ ṣì wà, ṣùgbọ́n fóònù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ìròyìn ti yára dé Àkókó báyìí. Ó ń dé kó tó ṣẹlẹ̀ tán.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣẹ́ kù tí n kò tíì sọ. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún 1987, Sátidé ni. A ti ra pépà ní Jùbílì ní àárọ̀, a ti dì í. Kí a tó gbéra ni ariwo gba Ìkàrẹ́ pé Awólọ́wọ̀ ti kú ní Ìkẹ́nnẹ́. Bọ̀dá Tíṣà jókòó sórí alùpùpù láìtan iná rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí a dé Ọ̀kà, Bàbá ti gbọ́ lórí rédíò. Ó wà lórí ìjókòó rẹ̀, kò bọ́ fìlà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì jókòó yí i ká láìsọ̀rọ̀. Ó nawọ́. Mo gbé ìdì náà fún un, ó tẹ́ ẹ lórí itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó tò ó. Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrin. Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án, tí wọ́n ti tẹ̀ ní òru kí ilẹ̀ tó mọ́.

“Bẹ̀rẹ̀ láti Mọ́ńdè.”

Mo kà á. Mo kà á ní alẹ́ ọjọ́ náà àti ní gbogbo ọjọ́ kejì, láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkéde ẹni tó ń ta ilẹ̀. Nínú gbogbo wọn, kò sí ibì kan tí ẹnikẹ́ni ti pe Awólọ́wọ̀ ní olóògbé. Kò sí ẹni tó ṣí mi létí pé kí n yára. Bí mo bá dé ibi tí orúkọ rẹ̀ wà, Bàbá á ní kí n tún un kà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìdì tuntun dé, èyí tó dúdú láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìyá àgbà wá béèrè pépà ọ̀sẹ̀ tó kọjá, torí ó fẹ́ dín àkàrà fún àwọn tó ń wá kí Bàbá bí ẹni pé òun ló ṣọ̀fọ̀. Bàbá wo ìdì náà, iwájú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní kó lọ já ewé. Ó fi rọ́bà alùpùpù dè é padà, ó dìde, ó tì í sí abẹ́ àjà níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Ibẹ̀ ni mo ti gbé e sọ̀kalẹ̀ ní ọdún tí a sin ín. Mọ́ńdè ló wà lókè.